Ìlà Kejì Tí Kò Hàn Lójú Fóònù Màmá

Mo rántí ìgbà tí wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn irin mọ́ mi láàárọ̀, tó jẹ́ pé bí mo bá fẹ́ lọ tọ̀, àfi kí n kan irin náà gbà-gbà-gbà kí ẹni tó wà níwájú tó wá ṣí i. Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n o, iṣẹ́ oṣù ni. Ọ̀gá mi jẹ́ apòògùn tó ní ilé ìtajà oògùn mẹ́ta, ọ̀kan ní Ọ̀jọ́, ọ̀kan ní Ìbá, èyí tó tóbi jù sì wà ní Okokomáìkò, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì. Yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó páálí oògùn sí ni wọ́n ti wá àyè tábìlì kan fún mi. Nítorí olè, wọn kì í fi yàrá náà sílẹ̀ láìtì. Nígbà tí mo ráhùn, ọ̀gá fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ìwọ ni mo tì mọ́lé, oògùn ni." Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, mo sì gbà pé ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun kò nílò fèrèsé.

Irin yẹn kọ́ ló tilẹ̀ dè mí jù. Lọ́jọ́ tí mo gba iṣẹ́, mo fọwọ́ sí ìwé pé mi ò ní kúrò fún ọdún méjì, ọ̀gá sì gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi, ojúlówó rẹ̀, wọ́n tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ wọn. Mo kọ́kọ́ rò pé ìyì ni. Mo pe ìyá mi ní Ìṣẹ́yìn, mo ní, "Wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ mi débi pé wọn ò fẹ́ kí n lọ." Ìyá mi ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Áàpù ni wọ́n ní kí n ṣe, èyí tí àwọn oníbàárà á máa fi ra oògùn lórí fóònù. Bí ènìyàn bá ti ra oògùn tán, áàpù náà á máa dún bí aago nígbà tí àkókò àtilò rẹ̀ bá tó, á sì gbé àwòrán oògùn náà jáde pẹ̀lú àlàyé bí a ṣe ń lò ó. Ènìyàn lè kà á ní Yorùbá, ó lè kà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Fóònù tèmi fẹ̀, ó mọ́lẹ̀ kedere, orí rẹ̀ nìkan ni mo sì ti ń yẹ iṣẹ́ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fún àpótí tí ọ̀rọ̀ ń jókòó sí ní ìwọ̀n kan ṣoṣo, gíga rẹ̀ báyìí, fífẹ̀ rẹ̀ báyìí, bí télọ̀ tó fi ara ara rẹ̀ wọn aṣọ fún gbogbo àdúgbò. Lójú tèmi, ó ṣe rẹ́gí. Mo máa ń gbé e sókè síwájú ojú mi, màá gbé e sọ́tùn-ún, màá gbé e sósì, inú mi á dùn bí ẹni tó bímọ.

Ìbá ni mò ń gbé, nínú ilé ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀jọ́. Màmá ni gbogbo àwa ayálégbé ń pè wọ́n. Wọ́n ti ṣe olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, opó sì ni wọ́n. Fúnra wọn ni wọ́n ń ṣètò ilé oníyàrá mẹ́jọ yẹn, wọ́n mọ ẹni tí kò gbálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó gbá a, wọ́n sì máa ń tún Yorùbá tí a bá kọ sára ògiri ṣe pẹ̀lú ẹfun. "Ta ló kọ 'Ẹ má tọ̀ sibi'? Àmì ńkọ́?" Báyẹn ni wọ́n rí. Wọ́n fẹ́ràn mi. Ọmọ mi ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n bá sì se ẹ̀kọ láàárọ̀, wọ́n á fi tèmi ránṣẹ́.

Àtọ̀gbẹ ń bá Màmá fínra, ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìbá ni wọ́n sì ti ń ra oògùn. Lọ́jọ́ tí áàpù wa jáde, mo sáré wọ pálọ̀ wọn, mo fi í sórí fóònù wọn. Fóònù kékeré kan ni, ojú rẹ̀ kò fẹ̀ ju páálí ìṣáná méjì tí a tò pọ̀ lọ. Nítorí ojú tó ti ń dùn wọ́n, ọmọ wọn àgbà, ọmọ ogun orí omi tó ń gbé ní Navy Town, ti bá wọn sọ lẹ́tà orí rẹ̀ di ńlá, ó tó èyí tí wọ́n ń kọ sójú pátákó ilé ìwé. Wọ́n ní ìwé pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ike oògùn ti di èèrà lójú wọn, wọn kò lè kà á mọ́. Mo ní, "Ẹ fi ti ìwé yẹn sílẹ̀, Mà. Èyí tó bá ti wà lójú fóònù ni kí ẹ tẹ̀ lé." Ẹnu mi ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà ni oníbàárà kan láti ọjà Alábà wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù, inú ń bí i. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi láàárín irin. Bọ́tìnì tó yẹ kó tẹ̀ láti ra oògùn ti wọ abẹ́ ojú fóònù lọ, etí rẹ̀ nìkan ló yọ. Mo tún bọ́tìnì yẹn ṣe lọ́jọ́ náà. Àmọ́ bí mo ṣe ń tún un ṣe, ara mi ti sọ fún mi pé bọ́tìnì nìkan kọ́, pé gbogbo àpótí tí mo gé sí ìwọ̀n kan yẹn, ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí wọn lórí fóònù kékeré. Mo lọ bá ọ̀gá. Ojú ń tì mí, mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé mi ò mọṣẹ́. Ohun tí mo wá sọ ni pé, "Sà, ó dà bíi pé kò rẹwà tó lórí àwọn fóònù kékeré."

Ọ̀gá kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹwà lè dúró. Parí apá ti sísan owó ná."

Mo padà sẹ́yìn irin mi pẹ̀lú ìtura. Wọ́n ti ní ó lè dúró. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi kò jẹ́ kí tèmi balẹ̀ rárá. Mo wé e sínú òwú, mo fún ọ̀gá, wọn kò sì mọ̀ pé ẹyin ni.

Láàárín àkókò yẹn ni dókítà pààrọ̀ oògùn Màmá. Àlàyé tí a kọ sínú áàpù fún oògùn tuntun náà rí báyìí: "Hóró kan lójúmọ́." Ìlà kejì wá sọ pé: "Pín in sí méjì: ìdajì láàárọ̀, ìdajì nírọ̀lẹ́." Aago áàpù á dún láàárọ̀, á sì tún dún nírọ̀lẹ́. Lójú fóònù tèmi, ìlà méjèèjì jókòó pẹ̀lú àyè lókè, àyè nísàlẹ̀.

Ọjọ́ Túsìdeè kan, wọ́n pè mí nídìí iṣẹ́ pé Màmá ti ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Alaasari. Mo kan irin títí wọ́n fi ṣí i, mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé wọn lọ. Wọ́n ti fa omi sí wọn lára, ojú wọn là díẹ̀, wọn kò tíì lè sọ̀rọ̀. Dókítà sọ fún ọmọ wọn pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù, pé ó jọ pé wọ́n ń lo oògùn ju bó ti yẹ lọ. Ọmọ náà ka hóró tó kù nínú ike. Ó dá a lójú pé odindi kan láàárọ̀ àti odindi kan nírọ̀lẹ́ ni ìyá òun ń gbé mì. Ó na fóònù Màmá sí mi, ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi fi í sí iná níwájú yẹn, ó ti fẹ́ kú."

Mo tan fóònù náà níbi tí mo ti ń wá ihò iná. Mo ṣí áàpù mi. Àwòrán oògùn náà wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà gàgàrà, ohun tó wà níbẹ̀ ni "Hóró kan", ó parí. Àpótí tí mo gé kò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù ti wọlẹ̀ sábẹ́, kò sí àmì, kò sí ohunkóhun tó máa sọ fún ènìyàn pé ọ̀rọ̀ ṣì kù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Aago ń dún lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, olùkọ́ àgbà tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ láti máa ka ohun tó wà lójú ìwé sì ń ka ohun tó wà lójú fóònù: hóró kan. Hóró kan.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò tíì sọ fún ẹni púpọ̀. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń tún ìwọ̀n lẹ́tà ṣe nínú fóònù náà, mo sọ wọ́n di kékeré. Mo tún ṣí áàpù. Ìlà méjèèjì yọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo fi fóònù sí iná, mo padà lọ dúró lẹ́bàá ibùsùn Màmá, mo sì di ọwọ́ wọn mú.

Láti ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún áàpù náà ṣe bí ẹni tí ilé ń jó lórí rẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá pé mo fẹ́ kó túbọ̀ yá. Mo lọ sí Alábà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, òórùn àgbò láti ọjà ẹran Alábà Rágo bá mi dé ìdí káńtà wọn. Mo ra fóònù àlòkù oríṣi mẹ́fà, èyí tó gùn, èyí tó kúrú, èyí tí ojú rẹ̀ ti là. Ọ̀kan nínú àwọn atúnfóònùṣe náà, ọmọ Ígbò, bi mí bóyá ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ ṣí. Mo tò wọ́n sórí tábìlì láàárín páálí oògùn. Mo yọ gbogbo ìwọ̀n tí mo ti gé, mo tún àpótí náà ṣe kó lè máa gbòòrò bí ọ̀rọ̀ bá ṣe pọ̀ tó, kí ènìyàn sì lè fi ìka fà á wálẹ̀ bí ojú fóònù bá kéré. Mo sọ lẹ́tà di ńlá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo wò ó, mo tún un ṣe, mo tún wò ó. Ní ọjọ́ kẹfà, ẹ̀dà tuntun jáde. Mo rò pé ọkàn mi á wá balẹ̀.

Àmọ́ Màmá ti padà délé. Lọ́jọ́ Fúráìdeè tí wọ́n dé, ọmọ wọn jókòó tì wọ́n ní pálọ̀, ó ṣí áàpù náà, ó sì rí ohun tí mo ti jẹ́ kó rí, kò tilẹ̀ kíyè sí i pé lẹ́tà ti kéré. Mo wà ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ wò ó! Wọ́n kọ ọ́ síbí kedere! 'Pín in sí méjì.' Báwo lẹ ṣe wá ka èyí tì?"

Màmá gba fóònù náà, wọ́n sún un mọ́jú, wọ́n jìnnà sí i, wọ́n tún sún un mọ́jú. Wọ́n ní, "Mi ò rí i bẹ́ẹ̀."

"Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, Màmá."

"Mi ò rí i bẹ́ẹ̀," ni wọ́n tún wí, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. Wọ́n wò mí. Mo gbé kúlà kalẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹun kó tó tutù.

Láti ìgbà yẹn ni gbogbo ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọra bá Màmá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ irú ohùn yẹn, èyí tí a fi ń bá ẹni tí a rò pé orí rẹ̀ ti ń fò sọ̀rọ̀. Ayálégbé kan ní òun ti kíyè sí i tipẹ́. Òmíràn ní wọ́n pe òun ní orúkọ ẹlòmíì lóṣù tó kọjá. Ọmọ wọn gba kọ́kọ́rọ́ ilé, ó ní òun máa gbé ìyá òun lọ sọ́dọ̀ òun ní Navy Town, kí wọ́n lè máa fún wọn ní oògùn bí ọmọdé, òun á sì wá ẹni tó máa máa bójú tó ilé. Màmá kò jà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Obìnrin tó ń fi ẹfun tún àmì ohùn ṣe lára ògiri, ó jókòó sórí àga, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ mo máa ń fẹ́ yà sí pálọ̀ wọn, ẹsẹ̀ mi á gbé mi kọjá. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ á bọ́, ìwé ẹ̀rí mi á há, wọ́n á lé mi nílé, bóyá ọlọ́pàá ló kàn. Bí mo bá dákẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀ láé. Áàpù ti dára. Ewu ti kúrò. Kò sí ohun tó kù nílẹ̀ mọ́ àfi orúkọ arúgbó kan. Nígbà tí wọ́n bá ti irin mọ́ mi ní Okokomáìkò, ara máa ń tù mí, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni Màmá kò ti lè rí mi.

Sátidé tí wọ́n fẹ́ kó lọ, àpótí aṣọ wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ wọn ń to ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀ níta. Màmá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ti múra, wọ́n wé gèlè, wọ́n di fóònù wọn mú lórí itan.

"Wá, ọmọ mi. Kí wọ́n tó gbé mi lọ, fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fẹ́ mọ ohun tí ojú mi ṣe tí kò fi rí i."

Mo dúró. Mo ti la ẹnu láti sọ pé, "Ibí yìí ni, Mà." Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ sí yàrá mi. Ọ̀kan nínú àwọn fóònù àlòkù yẹn wà lábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà lórí rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì wà ní ńlá. Mo mú un wá, mo kúnlẹ̀, mo fi í lé wọn lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi ka èyí, Mà."

"'Hóró kan.'" Wọ́n yí fóònù náà síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. "Ìyókù ńkọ́?"

"Ó wà nísàlẹ̀, Mà. Àpótí tí mo ṣe kò gbà á. Bó ṣe wà lójú fóònù yín nìyẹn títí di ọjọ́ tí ẹ ṣubú. Èmi ni mo dín lẹ́tà rẹ̀ kù ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n má bàa mọ̀. Ẹ ò kà á tì, Mà. Kò sí níbẹ̀."

Mo ń retí ìbínú. Ohun tí wọ́n bi mí, wọ́n rọra bi mí ni.

"Ṣé orí mi pé?"

"Orí yín pé, Mà."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ tí ẹ ṣubú gan-an, Mà. Ó di ọjọ́ mọ́kànlá lónìí."

"Ọjọ́ mọ́kànlá." Wọ́n gbé fóònù náà sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Láàárọ̀, bí mo bá ti ń jí, orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì tí mo kọ́kọ́ kọ́ ni mo máa ń kà, láti wò ó bóyá mo ti gbàgbé ọ̀kan. Mo sì ń kà wọ́n pé. Síbẹ̀, bí mo bá kà wọ́n tán, ẹ̀rù á tún bà mí, màá tún bẹ̀rẹ̀ látòkè."

Ọmọ wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ ìgbà tó dé. Ó jókòó lórí àpótí aṣọ ìyá rẹ̀. Mo ṣebí gbígbá ló máa gbá mi. Ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé mo pariwo mọ́ ìyá mi?" Ó tún un sọ, "Mo pariwo mọ́ ìyá mi." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá." Màmá dìde, wọ́n ní, "Dìde lórí àpótí mi. Gbé e padà sí yàrá mi, kó o sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sọ fún ọ̀gá kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mo rò pé wọ́n á bú mi, tàbí wọ́n á ní kí n dákẹ́. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. "O sọ fún mi pé kò rẹwà. Ìlò oògùn ń farasin, ẹwà lo pè é? Apòògùn ni mí. Ká ní o pè é ní orúkọ rẹ̀, ṣé màá ní kó dúró ni?" Láti ìgbà tí mo ti ń pe ara mi ní ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, mi ò rò ó rí pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi wà lára ohun tó ti ilẹ̀kùn yẹn. Wọ́n dá áàpù náà dúró lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi pe àwọn oníbàárà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi ń pè, àwọn ń pè. A rí bàbá kan ní Ọ̀jọ́ tí òun náà ń lo oògùn rẹ̀ lódì, Ọlọ́run yọ ọ́, kò tíì ṣe é ní nǹkan kan. Nígbà tí a parí, ọ̀gá wá sí Ìbá fúnra wọn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Wọn kò lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kí n parí ọdún méjì mi. Mo parí rẹ̀ lẹ́yìn irin yẹn, wọ́n sì dá ìwé ẹ̀rí mi padà lọ́jọ́ tó pé.

Màmá kò lé mi nílé. Wọ́n ń dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn, wọ́n sì ń bèèrè àlàáfíà ìyá mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Sátidé yẹn, ayálégbé mi ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀kọ àárọ̀ kò yà sọ́dọ̀ mi mọ́. Wọ́n lo ọdún mẹ́rin sí i nínú ilé wọn, wọ́n mọ ẹni tí kò gbálẹ̀, wọ́n sì kú sórí ibùsùn ara wọn, orí wọn pé pérépéré. Mo wà níbi ìsìnkú. Ọmọ wọn rí mi, ó mi orí sí mi, ó kọjá.

Ní báyìí, mò ń ṣiṣẹ́ níbi tó ní fèrèsé. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń yìn mí pé mo ní sùúrù, pé kò sí fóònù tó kéré jù tí mi ò ní yẹ̀ wò. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí, tí mo sì máa ń bi ara mi, ni pé: bí Màmá kò bá pè mí lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bí wọ́n bá kàn wọ ọkọ̀ tí wọ́n sì lọ, ṣé màá sáré tẹ̀ lé wọn? Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ìdáhùn kan náà ni mo ń rí, kò sì dùn mọ́ mi nínú.